Omi Àkọ́kọ́ Kì Í Lọ sí Gọ́tà

Ìsinmi, ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Ìmísí, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má tún un ṣe. Tíṣà Tinúadé ló ní kí gbogbo ẹni tí Bíṣọ́ọ̀bù máa kọnfámù ra ìwé kan, kó máa kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí sínú rẹ̀ títí ọjọ́ náà á fi pé. Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Ó ń dúró kí Yunifásítì pè é, kò sí ohun tó ń ṣe ju kó máa tẹ fóònù lọ. Ó yá, kó tẹ bírò.

Ojú ewé mẹ́rin iwájú la máa fi han Tíṣà. Ìyẹn mọ́, ọpẹ́ ló kún inú ẹ̀. Ibi tí a wà yìí, tèmi ni.

Ohun tí mo fẹ́ rèé: mo fẹ́ jẹ Kọmúníọ̀nì kí n tó kú, ẹni tí Bíṣọ́ọ̀bù ò bá sì tíì kọnfámù kì í jẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí mò ń fọ aṣọ pẹpẹ, tí mò ń lọ̀ ọ́, tí mò ń tẹ́ ẹ. Mi ò jẹ níbẹ̀ rí. Ìyàwó kejì ni mí, wọn kì í fún ìyàwó kejì. Tí mo bá kú báyìí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa gbé pósí mi kalẹ̀ sí, wọ́n á gbàdúrà wéré, wọ́n á ní ó dàárọ̀. Wọn ò ní gbé mi wọlé. Ilé témi fúnra mi gbá!

Tíṣà gbọ́ pé ọkọ mi ti kú láti ogún ọdún, ó ní, "Ah-ah, Màmá! Kí ló wá kù tó ń dá yín dúró?" Mo ní kò sẹ́ni tó bi mí rí ni. Òòótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Lónìí ni wọ́n kéde pé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ni Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Mo jó débi pé gèlè já bọ́ lórí mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Òjò àná ṣí pánù mẹ́ta lórí pẹpẹ. Omi wọlé, ìgbẹ́ àdán sì tẹ̀ lé omi. Garawa méjì ni mo kó. Abdulsalam káfíńtà, tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa ní Ìlódè níbí, ló gun òkè lọ kàn án. Ó ń pariwo látòkè: "Ìyá Solomon! Àdán ibí yìí pọ̀ o! Orí pẹpẹ gan-an ni wọ́n ń sùn. Ṣé gbogbo wọn ló ti kọnfámù ni?"

Mùsùlùmí ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Alùfáà Ayọ̀ọlá pè mí sí fẹ́sìrì, yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ ìsìn, ó ní kí n jókòó. Ọmọ dáadáa ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n ní fẹ́sìrì yẹn, ìdúró ni wọ́n máa ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti ní kí n jókòó, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ó ní, "Màmá, ìyálé yín ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà nílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lógì ni."

Ó ní, "Òun ni wọ́n fi òrùka gbé níyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ó sì ń jẹ Kọmúníọ̀nì. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní àfi kí Màmá Ọládipọ̀ dìde níwájú Bíṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sọ lẹ́nu ara wọn pé àwọn ò bá yín jà mọ́."

"Dìde kẹ̀? Ọdún kẹfà rèé tó ti dìde kẹ́yìn."

"Kí wọ́n jókòó sọ ọ́."

Mo dúpẹ́. Bí mo ṣe ń jáde ó tún pè mí padà: "Màmá, ẹ má bínú, àdán ti tún ṣu sórí àga tí a ya sọ́tọ̀ fún Bíṣọ́ọ̀bù." Mo padà lọ nù ún.

Ìsinmi, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo bẹ ìyálé mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni. Ọládipọ̀ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní òkè òkun, ó ń pè lórí fóònù. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, èmi ni mò ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa jẹrà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ wa, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, kò pe orúkọ mi rí. "Ìwọ yìí" ni mò ń jẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyálé mi, Alùfáà ní kí n wá bẹ̀ yín."

"Bẹ̀ mí kí n ṣe kí ni?"

"Kí ẹ sọ pé ìjà ti parí."

Ó mu ògì rẹ̀ tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. "Ìjà wo? Ṣé èèyàn máa ń bá ìgbálẹ̀ jà?"

Ìmísí fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n ó pa mí lẹ́rìn-ín náà. Orí obìnrin yẹn ṣì pé.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo kọ́ Ìmísí bí a ṣe ń fọ aṣọ pẹpẹ, torí ọjọ́ ikú. Omi lásán la kọ́kọ́ ń fi ṣàn án, kò gbọdọ̀ sí ọṣẹ. Wáìnì wà lára aṣọ tí wọ́n fi nu ife, ẹ̀rúnrún búrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Omi àkọ́kọ́ yẹn kì í lọ sí gọ́tà. Ìyàwó alùfáà kan, ará Èkìtì, ló kọ́ mi, ó ti kú. Ó ní ohun mímọ́ ò gbọdọ̀ bá ìdọ̀tí lọ, ilẹ̀ ni kó mu ún.

Ìdí máńgòrò tó wà lẹ́yìn fẹ́sìrì ni mò ń dà á sí. Ìmísí wo igi náà lókè wo ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, igi yìí ti jẹ Kọmúníọ̀nì jù yín lọ."

Mo fi aṣọ tútù nà án.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kíláàsì. Àwa mẹ́tàdínlógún. Èmi ni ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, èyí tó tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ orí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọmọkùnrin kan ní, "Màmá, ẹ ti gbá ibí tán, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì." Mo jókòó tì í. Ojú tì í, ó fún mi ní bisikíìtì.

Mo ti mọ Òfin Mẹ́wàá. Ìmísí ló ń kà á fún mi tí mo bá ń ṣa ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí lójú Tíṣà, mo ka ẹ̀kẹfà tán, mo dé orí keje, èyí tó ní ká má ṣe panṣágà, mo bá dákẹ́. Àwọn ọmọ ń wò mí. Tíṣà ní, "Màmá, ó kan ìkeje." Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Mò ń kí i ni."

Ìsinmi, ọjọ́ kejìlélógún

Mo tún bẹ̀ ẹ́. Lónìí ó dá mi lóhùn. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ọkọ mi ló ń mú ohùn ìsàlẹ̀ nínú kọ́yà. Òun àti bàbá rẹ̀ ló gbé òpó méjì iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ró. Ìsinmi tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó gbé ọ wọlé, wọ́n bọ́ aṣọ kọ́yà lọ́rùn rẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń lọ síbi tábìlì. Òun á jókòó lẹ́yìn, á máa wo ìpàkọ́ mi. Ọgbọ̀n ọdún ó lé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò ní kí o bá mi gbè é. Ó wá kú. Wọ́n ní olóbìnrin méjì ni, òkú rẹ̀ ò lè wọlé. Wọ́n gbé pósí rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, láàárín òpó méjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ró. Òjò dé. Alùfáà wà lábẹ́ agboòrùn. Òjò pa ọkọ mi bí ewúrẹ́ tí kò lólúwa. Ìwọ ló fà á."

Gbogbo ẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Òjò náà pa èmi náà, kò kàn sẹ́ni tó ń ka tèmi ni. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa níbí la wá sin ín sí. Sìmẹ́ńtì sàréè rẹ̀ ni ìyálé mi máa ń wò látojú fèrèsé láàárọ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú.

Kọ èyí náà sí i: mo mọ̀ pé ó níyàwó kí n tó tẹ̀ lé e. Mo rí òrùka. Ọkùnrin náà ló rẹwà jù, ojú mi ò dúró pẹ́ níbi òrùka.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Èédú tí mo fi ń lọ aṣọ ti tún gbówó lórí. Iná mànàmáná ò wá látọjọ́ Ajé. Àdán mọ́kànlá ni Abdulsalam pa. Sùmáyà ìyàwó rẹ̀ ní òun ò ní sè é.

Ìsinmi, ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Ìsinmi kìíní oṣù ni Alùfáà máa ń gbé Kọmúníọ̀nì wá fún ìyálé mi nínú yàrá. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí àpótí, mo tan àbẹ́là, mo gbé orí rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí. Alùfáà wá ní, bó ṣe máa ń ní lóṣooṣù, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Mo lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ ibi tó ti ń já búrẹ́dì. Mo mọ ìgbà tí ìyálé mi ń gbé e mì, torí ó máa ń wúkọ́.

Alùfáà bi í lọ́rọ̀ mi. Mo gbọ́. Ó ní, "Mo ṣì ń rò ó."

Wọ́n lọ tán, mo fọ ife kékeré tó lò, mo da omi rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyálé mi ní òun fẹ́ ẹyin. Mo din ẹyin. Ó ní iyọ̀ pọ̀ jù. Mo din òmíràn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Sùmáyà wá bá mi gbé ìyálé mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè sá fóòmù. Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní, "Ìyá, ẹ kúkú máa bọ̀ ní mọ́sáláṣí wa. Ìyàwó mẹ́rin ni wọ́n fún ọkùnrin láyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹnì kejì, iwájú iwájú lẹ máa wà."

Ìyálé mi gbọ́ látorí àga. Ó ní, "Mú un lọ. Mú un lọ tọ̀sán tòru."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín! Mo rí èrìgì rẹ̀. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti ń rọ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Kò rọ̀.

Ó pè mí láàárọ̀. "Ìwọ yìí, wá." Mo lọ. Ó ní kí Ìmísí náà wá gbọ́.

Ó ní, "Wákàtí kan ni ọkọ mi fi wà nínú òjò lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Mo kà á. Òjò gidi tó bá tún rọ̀, lọ dúró síbi tí pósí rẹ̀ wà. Má mú agboòrùn. Má kọjá sí abẹ́ òrùlé. Kí ọmọ yìí fi fóònù rẹ̀ ka aago. Tí o bá pé wákàtí kan, gbé mi lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù, màá sọ̀rọ̀."

Inú bí Ìmísí. Ó ní, "Ìyá ńlá, ẹ fẹ́ pa ìyá mi àgbà ni?"

Ó ní, "Òjò ò pa á nígbà yẹn, kò ní pa á báyìí."

Mo ní mo gbà. Wákàtí kan, kí ló wà níbẹ̀? Mo ti dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìlà kẹrosíìnì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Oòrùn ló ń ràn láti ọjọ́ mẹ́rin. Oṣù keje! Mò ń wo òkè bí àgbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó rọ̀.

A wà ní kíláàsì nígbà tó ṣú. Tíṣà ní kí gbogbo wa máa lọ sílé. Mo ní kí Ìmísí ṣí aago rẹ̀, mo sì rìn lọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró láàárín òpó méjì yẹn, lórí àtẹ̀gùn tí òrùlé ò dé.

Òjò Ifẹ̀ tó bá fẹ́ rọ̀, kì í kí èèyàn. Ó dé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Gèlè mi kọ́kọ́ lọ. Mo rò pé màá máa ka Ìgbàgbọ́ àti Òfin Mẹ́wàá lọ bọ̀, kí aago lè yá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà eyín mi ń gbá ara wọn, mi ò lè pe ọ̀rọ̀ mọ́, mo bá ń kọ orin. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkọ mi ni mò ń kọ, èyí tó máa ń kọ tó bá ń fá irùngbọ̀n.

Àwọn ọmọ kíláàsì sá sábẹ́ òrùlé, wọ́n ń wò mí. Ọmọ oníbisikíìtì ní, "Màmá, kí lẹ ṣe?" Mo ní, "Mò ń wẹ̀." Alùfáà yọjú ní fẹ́sìrì. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìmísí ló lọ ṣàlàyé fún un. Ó wò mí, ó wo òjò, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìdílé ni," ó wọlé padà.

Sùmáyà gbé agboòrùn sáré wá, mo ní kó má gbé e lé mi lórí, wọn ò ní kà á fún mi. Ló bá pa agboòrùn dé, ó dúró tì mí. Mo ní, "Ìwọ, kí ló kàn ọ́?" Ó ní, "Ilé yín àti ilé wa, ògiri kan ló wà láàárín wọn." Ó dúró nínú òjò náà títí. Ó ń bú ìyálé mi, ó ń bú ọkọ mi, ó ń bú Bíṣọ́ọ̀bù tí kò tíì dé. Ó dùn mọ́ mi.

Ìmísí ké pé, "Ó ti pé!" Mo ní kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, kí wọ́n má bàa ní mo rẹ́ ẹ jẹ.

Ìsinmi, ogúnjọ́

Ibà. Mi ò lè lọ gbálẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mélòó kan. Wọ́n rán ẹnì kan wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé wọ́n wá wò mí ni. Ó ní, "Wọ́n ní níbo lẹ fi kọ́kọ́rọ́ fẹ́sìrì sí?"

Mo di bẹ́ẹ̀dì mú, mo di ògiri mú, kí n tó lè dìde lọ fún ìyálé mi lóúnjẹ. Ó wò mí. Ikun ń ṣàn nímú mi.

"Ṣé ó pé wákàtí?"

"Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó yíjú sí fèrèsé, ó wo sàréè. Ó ní, "Mú léèsì funfun mi jáde nínú àpótí. Sá a sóòrùn."

Mo jó. Pẹ̀lú ibà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún Tíṣà Tinúadé láìṣì, àtorí keje. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Tíṣà ra gèlè funfun fún mi. Solomon ọmọ mi, bàbá Ìmísí, fi bàtà funfun ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ó há díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi á gbọ́ràn.

Mo fi sìtáàṣì sí aṣọ pẹpẹ, ó dúró gán-án bí páálí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ti gbálẹ̀. Mo ti tẹ́ pẹpẹ. Lọ́la, èmi náà á jẹ níbẹ̀. Ìmísí, fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́.

Ìsinmi, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Oòrùn yọ bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un.

Solomon wá, ó gbé ìyálé mi sínú mọ́tò, ó fi àga onítáyà tì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ léèsì funfun, ó fi òrùka rẹ̀ sọ́wọ́. Òrùka náà ti tóbi jù ú, èmi ni mo fi òwú dì í. Iwájú ni wọ́n gbé e sí. Gbogbo èèyàn ń kúnlẹ̀ kí i. Inú mi dùn. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fi òróró pa á lára, ó ń dán.

Èmi ló gbẹ̀yìn ìlà. Bíṣọ́ọ̀bù ń gbọ́wọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń kà á: mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún. Alùfáà sọ nǹkan sí i létí. Bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ àgbàlagbà tó lójú àánú, tó ń wo aago. Ó fi mí sílẹ̀ níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ó rìn lọ bá ìyálé mi, ó tẹ̀ ba.

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ Olúwa. Obìnrin yìí fẹ́ wá síbi tábìlì. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣé kò sí ìjà láàárín yín mọ́?"

Mo gbọ́ àdán lókè àjà.

Ìyálé mi yíjú sí mi. Ó wò mí láti gèlè dé bàtà. Ó fara balẹ̀ wò mí.

"Ta nìyí?"

Alùfáà ní, "Ìyá Solomon ni, Màmá. Ìyàwó ilé yín."

"N ò mọ̀ ọ́n." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. "Agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, àbí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Tíṣà Tinúadé dìde: "Olúwa mi, ẹ dákun, àgbà ló dé sí Màmá, wọ́n ń gbàgbé ni! Wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀!"

Bíṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹni tí wọn ò mọ̀, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé wọ́n ti dárí jì í?" Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó padà wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù di ìgbà mìíràn." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Èjìká o! Orí mi wà níbẹ̀, kò ju ìka mẹ́ta lọ sí i.

Ọmọ oníbisikíìtì ló fà mí dìde. Mo lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Gbogbo wọn lọ jẹ. Solomon ti ìyálé mi síwájú, wọ́n fún un. Mò ń wo ìpàkọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn wọ́n pín ìrẹsì. Ilẹ̀ dọ̀tí, mo gbá a.

Nírọ̀lẹ́, Solomon ti lọ, ó ń bínú lọ. Mo wẹ ìyálé mi. Mo ti fi ọṣẹ pa á lára dé ojú nígbà tó ní:

"Omi yìí tutù, Fọláyọ̀."

Kànìnkànìn bọ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ mi nìyẹn. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta.

Ìmísí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá àgbà. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọṣẹ."

Mo ní, "Ọṣẹ á wọ̀ ọ́ lójú." Mo lọ gbé omi gbígbóná sí i.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Alùfáà wá bẹ̀ mí. Ó ní ọdún mẹ́ta sí i ni Bíṣọ́ọ̀bù tún máa yí kàn wá. Mo ní Ọlọ́run á dá ẹ̀mí Bíṣọ́ọ̀bù sí. Ó ní ṣé aṣọ pẹpẹ á ti gbẹ kí Ìsinmi tó dé.

Ìsinmi, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Ìsinmi kìíní oṣù. Mo tẹ́ aṣọ funfun, mo tan àbẹ́là, mo gbé orí rẹ̀ sókè. Kò dìgbà tí Alùfáà sọ ọ́, mo ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ibi tó ti já búrẹ́dì. Mo dúró de ìwúkọ́. Ìyálé mi ò wúkọ́.

Alùfáà lọ. Mo wọlé láti kó nǹkan. Ìyálé mi ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó tu ohun kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí mi. Ìdajì búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn ni. Ó ti fi èrìgì gé e. Itọ́ ti ń mú un rọ̀.

"Gbà," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n rí ọ."

Mo wò ó. Ohun tí mo fi orúnkún mi bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Ó súnmọ́ mi ju ti ọjọ́kọ́jọ́ lọ. Mo mọ bó ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ tó.

Mo ní, "Ìyálé mi, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ti ń jẹ àjẹkù yín. Àjẹkù ẹran, àjẹkù aṣọ, àjẹkù ọkọ. Ó dùn, mo dúpẹ́. Èyí, mi ò jẹ."

"Á yọ́ o."

"Kó yọ́."

Kò ká ọwọ́ kò. Ó ṣì nà án sí mi. A ń wo búrẹ́dì náà títí ó fi di omi funfun lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bu omi sínú abọ́, mo fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ìka kọ̀ọ̀kan, mo yọ òrùka kí n lè fọ abẹ́ rẹ̀. Mo gbé abọ́ náà jáde sẹ́yìnkùlé. Mo dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dúró. Mo wá yí padà, mo dà á sórí sàréè ọkọ wa, láti ibi orí lọ dé ibi ẹsẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà gbẹ, ó mu ún.

Ìyálé mi pè mí látojú fèrèsé. "Ṣé o ti dà á?"

"Mo ti dà á."

"Mo rí ọ." Ó wo sàréè. "Ó ti jẹ nìyẹn."

"Ó ti jẹ. Ẹ̀yin jẹ, òun jẹ." Ẹ̀rín ń pa mí, mi ò mọ̀dí ẹ̀. "Ó ku èmi."

Ó fa fèrèsé dé.

Ìmísí, pa ìwé náà dé. Ojú ọ̀run ti ṣú, aṣọ pẹpẹ ṣì wà lórí okùn.